Iye ara ọjà ọ̀tọ̀, iye orí káńtà ọ̀tọ̀: ohun tí ojú mi rí ní Ìjẹ̀bú-Òde

Mo ti ka ohun tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣáájú sọ lórí ìdí tí àwọn èèyàn ò fi lọ sí mọ́ọ̀lù, ìyẹn àwọn ilé ìtajà ńlá, mọ́. Ọ̀pọ̀ yín ní dọ́là ló pa mọ́ọ̀lù, mi ò sì bá yín jiyàn. Oṣù Kejìlá ọdún 2005 ni Shoprite, ilé iṣẹ́ kan láti South Africa, ṣí ilé ìtajà àkọ́kọ́ wọn ní Nàìjíríà, ní Lẹ́kí. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ ọdún 2020, wọ́n ti ń sọ pé àwọn fẹ́ máa lọ, nígbà tó sì di 2021, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ wa rà á lọ́wọ́ wọn. Game, tó wá láti South Africa bákan náà, palẹ̀ mọ́ ní 2022. Dọ́là ni ọ̀pọ̀ àwọn mọ́ọ̀lù ńlá yẹn fi ń ṣírò owó ilé. Nígbà tí ìjọba wá tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ta ló fẹ́ rí i san? Ká má tíì sọ ti epo dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń bu sí jẹnẹrétọ̀.

Ṣùgbọ́n èmi ò tíì ná dọ́là rí láyé mi, mo sì ti yé lọ sí èyí tó wà nítòsí wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìwà àwọn èèyàn ibẹ̀ ló lé mi.

Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà náà, ẹbí ọkọ mi sì ti pè pé àwọn máa dúró títí di Ojúde Ọba. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nínú ilé Ìjẹ̀bú. Mo wá kúlà ńlá lọ, èyí tí a ó máa bu ìrẹsì sí. Mo rí ọ̀kan, wọ́n lẹ 18,500 mọ́ ọn lára. Nígbà tí mo gbé e dé káńtà, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní 23,000. Mo ní kí ló dé? Kò gbójú kúrò lórí fóònù ẹ̀. Ó ní, "Mọ̀mí, èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà la máa ń gbà. Wọn ò tíì yọ ti tẹ́lẹ̀ ni." Mo ní ṣé èmi ni màá bá yín yọ ọ́? Ó pòṣé. Ọmọ tí mo lè bí!

Mánijà dé, òun náà ní kọ̀ǹpútà kì í parọ́. Àlejò ti ń bọ̀ lọ́nà, mo ní kò burú, mo fi owó ránṣẹ́. Báńkì yọ owó mi lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó wà ní káńtà ní àwọn ò tíì rí alẹ́ẹ̀tì. Àṣé kò sí ẹnì kankan nínú gbogbo wọn tó lè wo àkáǹtì yẹn. Ọ̀gá wọn tó wà ní Èkó ni wọ́n gbọ́dọ̀ pè, ọ̀gá ò sì gbé fóònù. Wọ́n ní kí n lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sí àga. Wọ́n ti pa ẹ̀rọ amúlétutù torí pé èrò ò pọ̀, mo wá dúró nínú ooru bí ẹni tí wọ́n fi dógò.

Ìgbà tí wọ́n rí ọ̀gá bá sọ̀rọ̀, tí mo gba rìsíìtì, sẹ́kíúrítì tún dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí n ṣí kúlà. Mo ṣí i. Ó ní báàgì ọwọ́ mi ńkọ́? Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́: pọ́ọ̀sì, tẹ̀sùbáà, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, gbogbo ẹ̀ ló tò sórí tábìlì lójú àwọn tó ń wọlé. Ìyá kan tí a jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí wà nínú wọn. Ó kí mi, ojú gbà mí tì. Ọkùnrin yẹn ò rí nǹkan kan, kò sì ní "ẹ má bínú." Ó fi bírò fa ìlà sórí rìsíìtì, ó ní kí n máa lọ.

Ilé ni mo ti rí i pé ìdérí kúlà ò dé dáadáa. Nígbà tí mo gbé e padà, mánijà nawọ́ sí bébà kan lára ògiri: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Ẹ jẹ́ n sọ èyí, torí ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀: bébà yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òfin FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí lọ́dún 2019 fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó ní àléébù padà. Òfin kan náà ló ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbà ju iye tó wà lára ọjà lọ. Ọmọ mi ti fi hàn mí lórí fóònù ẹ̀ lálẹ́ àná ọjọ́ náà. Mo sọ ọ́ fún mánijà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ pè wọ́n wá.

Àbúrò mi ní Ṣágámù, ẹja ni tiẹ̀. Súpámákẹ́ẹ̀tì tó ń lọ máa ń pa jẹnẹrétọ̀ lálẹ́. Ẹja á yọ́ mọ́jú, wọ́n á tan iná láàárọ̀, á tún dì gbagidi. Ojú ẹja náà lẹ máa wò, ó ti rì wọnú orí.

Mi ò dá àwọn ọmọ tó ń tajà yẹn lẹ́bi tán. Ọ̀kan nínú wọn tó ń gbé àdúgbò wa sọ fún mi pé wọn ò gbọ́dọ̀ jókòó láti àárọ̀ di alẹ́, bí ọjà bá sì dín, owó oṣù àwọn ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ẹni tó ni ọjà wà ní Èkó, ẹ̀rù olè ń bà á, torí náà gbogbo ètò tó ṣe síbẹ̀, olè ló ṣe é dè. Àwa tá a wá rajà la wá ń jẹ ìyà olè.

Ní ọjà Òkè-Ajé níbí, ẹni tó ni ọjà ló jókòó tì í. Obìnrin tí mo padà ra kúlà míì lọ́wọ́ ẹ̀ bu omi sí i, ó dé e, ó dojú ẹ̀ délẹ̀ kí n rí i pé kò jò. A ná an, ó dín díẹ̀, ó fi ìpọn ìrẹsì ṣe ènì. Kì í ṣe pé mọ̀lẹ́bí áńgẹ́lì ni wọ́n o! Àwọn kan wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá ná ọjà wọn tẹ́ ò rà á, wọ́n á bú ìran yín, ẹlòmíì sì wà tó ti lu ìdí kọ́ńgò ẹ̀ wọnú. Ṣùgbọ́n ẹ lè fèsì, ẹ sì lè yí ẹ̀yìn padà, kí wọ́n pè yín pé "Ìyàwó, ẹ wá, èló lẹ fẹ́ san?" Ta ló máa pè yín padà ní mọ́ọ̀lù?

Ilé mọ́ọ̀lù yẹn ṣì wà, ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ àti oní-POS ló pọ̀ jù nísàlẹ̀ báyìí. Owó mi ò tíì padà. Ẹni tó bá ti fẹjọ́ sun FCCPC rí láti Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ, tó sì gba owó ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe ṣe é. Ṣé rìsíìtì nìkan tó, àbí wọ́n máa béèrè fọ́tò iye tó wà lára ọjà? Mo ya tèmi.