Gbòǹgbò kì í yí: lórí "ìyípo-gbòǹgbò"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ó máa lò fún nemawashi là ń wá, ìyẹn ọ̀rọ̀ àwọn ará Japan fún mímúra igi sílẹ̀ kí wọ́n tó hú u, àti fún fífi ọ̀rọ̀ lọ àwọn èèyàn kí ìpàdé tó jókòó. Àwọn kan ti dábàá "ìyípo-gbòǹgbò", "ètò abẹ́lẹ̀" àti "ìròdísílẹ̀". Ẹni tó ní ká máa pe nemawashi àwọn ará Japan ní "ìyípo-gbòǹgbò" ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ látìdí. Ne ni gbòǹgbò, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ara mawasu ni mawashi ti wá, kì í ṣe mawaru. Ohun tó ń yí fúnra rẹ̀ bíi táyà ló ni mawaru. Mawasu ní olùṣe. Ayé ló ń yípo. Ológbà ló ń yí igi ká tòun ti ọkọ́. (Bàǹtẹ́ oníjàkadì sumo náà ń jẹ́ mawashi, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi bàǹtẹ́ sílẹ̀.)

Bí wọ́n bá fẹ́ hú igi ńlá lọ gbìn síbòmíràn, oṣù 6 sí ọdún 2 ṣáájú ni wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ yí i ká, kí òbìrìkìtì náà fẹ̀ tó bí ìlọ́po 4 ìdí igi. Wọ́n á gé gbòǹgbò, wọ́n á dá díẹ̀ tó nípọn sí kí igi má wó, wọ́n á bó èèpo ìwọ̀nyẹn yíká ní bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15. Wọ́n á da ilẹ̀ padà, wọ́n á bomi rin ín. Gbòǹgbò wẹ́wẹ́ á wá hù nítòsí. Òun ló ń fa omi. Láìsí i, igi tí wọ́n hú á rọ, á kú.

Nílé iṣẹ́ ńkọ́? Kí ìpàdé tó jókòó, ẹ ti fi ọ̀rọ̀ lọ ọ̀gá kọ̀ọ̀kan, ẹ ti gbọ́ àtakò, ẹ ti tún un ṣe. Lédè Japan, wọ́n á ní "Buchō ni nemawashi o suru", ìyẹn ni pé kí ẹ ṣe nemawashi lọ́dọ̀ olórí ẹ̀ka (buchō): "ni" tiwọn yìí ló ń tọ́ka sí olórí ẹ̀ka tí ẹ lọ bá. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn ìpàdé lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ bá wọn, àlàyé lásán lẹ ń ṣe. Kì í ṣe rìbá, ìdí nìyí tí "ètò abẹ́lẹ̀" fi bí mi nínú: ta ló gbọ́ abẹ́lẹ̀ tí kò ronú kan ọ̀tẹ̀? Àwọn àgbà wa náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ìròdísílẹ̀ (ro ìdí sílẹ̀) ni mo fara mọ́. Àǹtí tó ní ohùn ìsàlẹ̀ orí "rò" fi hàn pé ríronú nìkan ni, rárá mà. Ka ìwé, kàwé; ro ìdí, ròdí. Ohùn ì ló já lé ọ̀rọ̀-ìṣe lórí. Ẹ fi ọkọ́ ro ìdí igi o, ẹ ro ìdí ọ̀rọ̀ o, ohùn kan náà ni. "Sílẹ̀" ni kò gbọdọ̀ jábọ́, torí òun ló ń sọ pé a ti ṣe é ṣáájú. Ẹni tó ní dandan ni kí "gbòǹgbò" wọ̀ ọ́, kó sọ bí yóò ṣe gé gbòǹgbò ọ̀rọ̀ lédè wa tí kò ní í di ìparun.