Ọ̀rọ̀ mọ́tò tí mo rà láwìn: ibi tó parí sí

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ mọ́tò mi ti parí. Fún ẹni tí kò bá wa bẹ̀rẹ̀: mo ra mọ́tò láwìn níbí ní London, mo fẹ́ dá a padà kí àdéhùn tó pé, ilé-iṣẹ́ tó yá mi lówó kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní àfi kí n san gbogbo gbèsè tó kù.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin Consumer Credit Act ti 1974, abala 99 àti 100, ní ìdajì gbogbo owó àdéhùn, pẹ̀lú èlé orí rẹ̀, ni wọ́n lè gbà mọ. £18,400 ni gbogbo owó àdéhùn tèmi, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ £9,200. Mo ti san £9,350. Mo kọ lẹ́tà sí wọn pé mo fòpin sí àdéhùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kọjá, wọn ò yí ohùn padà, ni mo bá gbé e lọ bá Financial Ombudsman, àjọ tó ń parí ìjà láàárín oníbàárà àti ilé-iṣẹ́ owó, lọ́fẹ̀ẹ́.

Wọ́n dá mi láre! Lánàá ni ilé-iṣẹ́ náà wá gbé mọ́tò. Ọkùnrin tí wọ́n rán wá lóṣòó, ó fi ìka tọ ilà ara ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ní ìlò ojoojúmọ́ nìyẹn. Owó oṣù mẹ́ta tí mo san lẹ́yìn lẹ́tà náà ti padà sápò mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n má dá owó dúró nígbà tí ìjà ń lọ, ẹ ṣeun gan-an ni.