Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ podcast wáìnì l'Ékòó, ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù, Sùúrùlérè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ń gbọ́ podcast lórí wáìnì nínú yín, kó dákun wá sọ ohun tó bá pàdé níbẹ̀. Èmi ni màá bẹ̀rẹ̀.

Ọtí ni mò ń tà: bíà, mọ́tì, wáìnì àti àwọn tó le díẹ̀. Òkè-Àrín, ní Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́hùn-ún, ni mo ti ń rà á ní páálí-páálí. Ẹni tó bá ti ná Òkè-Àrín rí mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ráyè ṣàlàyé fúnni níbẹ̀. "Èyí ń yá, èyí ò yá," ó tán. Aláàárù ti wà lẹ́yìn yín tó ń pariwo pé kẹ́ ẹ yà fún òun.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi fi ètò kan tó ń jẹ́ Wine for Normal People sórí fóònù. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Elizabeth Schneider, ló ń ṣe é láti 2011. Ọkọ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní M.C. Ice, máa ń bá a jókòó síbẹ̀, ìbéèrè tí ọkùnrin yẹn ń bi í ló mú mi. Ohun tí ojú ń ti ẹlòmíì láti béèrè, òun á béèrè ẹ̀ láìfi bò. Òyìnbó ìyàwó yá lẹ́nu o, mo sábà máa ń dá a padà sẹ́yìn kí n tó gbọ́ ọ yé. Àmọ́ tí mọ́tò bá ti há sórí afárá Third Mainland, ibo là ń sáré lọ?

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọmọkùnrin kan tó wọlé wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, tó ń làágùn. Ó ní òun fẹ́ lọ rí àwọn òbí ìyàwó òun ní Sátidé, àwọn ọ̀rẹ́ òun sì ní wáìnì ni kí òun gbé dání. "Mọ́mì, ẹ fún mi ní èyí tó wọ́n jù." Ó ti gbé ìgò kan lọ́wọ́ kó tó sọ̀rọ̀ tán, ó dojú ẹ̀ dé, ó wá ń ki àtàǹpàkò bọ kòtò tó wà nídìí ìgò náà. Wọ́n ti sọ fún un pé bí kòtò yẹn bá ṣe jìn tó ni ọtí inú ẹ̀ ṣe dáa tó. Mo ní, ọmọ mi, gíláàsì ara ìgò lò ń wọ̀n yẹn, kì í ṣe ọtí inú ẹ̀. Ìgò tí kòtò ẹ̀ jìn lè gbé ọtí tí kò dáa, èyí tí ìdí ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ sì lè gbé èyí tó dùn.

Mo wá bi í pé kí ni wọ́n máa sè. Iyán àti ẹ̀fọ́ rírò. Ẹ̀yin mélòó? Wọ́n á tó mẹ́wàá. Bàbá ìyàwó ńkọ́, kí ni wọ́n máa ń mu? Ó ronú díẹ̀, ó ní mọ́tì ni òun máa ń rí lọ́wọ́ wọn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìgò wáìnì kan, 750 mililítà ni. Tẹ́ ẹ bá ń bu 150 sí ife kọ̀ọ̀kan, ife márùn-ún péré ló wà níbẹ̀. Èèyàn mẹ́wàá á wá máa wo ara wọn lójú lórí ìgò kan tó gbé gbogbo owó ọkọ ìyàwó lọ! Bàbá tó sì ń mu mọ́tì, tẹ́ ẹ bá gbé wáìnì tí kò ní ṣúgà rárá fún wọn, wọ́n á rò pé ó ti kan ni. Ìgò méjì wáìnì pupa aládùn láti Gúúsù Áfíríkà ni mo tà fún un, owó méjèèjì ò tó ti ẹyọ kan tó kọ́kọ́ gbé. Mo ní kó tì í bọ fìríìjì láàárọ̀.

Ó ti padà wá. Bàbá ní kó gbé irú ẹ̀ wá.

Àkàndé, Fàdéyí

Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́. Inú BRT ni mo ti ń gbọ́ tèmi, láti Fàdéyí dé CMS. Èyí tí mi ò gbàgbé ni ọ̀rọ̀ nípa nǹkan tí wọ́n ń pè ní tannin. Mo ti máa ń ṣe kàyéfì nípa wáìnì pupa kan báyìí: tó bá ti kan ẹnu, gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fà wọlé, ahọ́n á gbẹ, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ orógbó. Mo rò pé ayédèrú ni. Tannin yẹn, tó ń wá láti ara èèpo àjàrà àti kóró inú ẹ̀, ló ń fà á. Ti pupa, tèèpo-tèèpo ni wọ́n fi ń pọn ọ́n. Ti funfun, wọ́n á ti fún omi ẹ̀ kúrò lára èèpo kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í di ọtí, ìdí nìyẹn tí kì í fi í fa ẹnu bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní ẹran tó lọ́ràá máa ń rọ̀ ọ́ lójú. Mo ní a ó rí i. Mo ra wáìnì pupa Pinotage kan, àjàrà tí ọ̀jọ̀gbọ́n Abraham Perold fi oríṣi àjàrà méjì, Pinot Noir àti Cinsaut, bí ní Stellenbosch ní Gúúsù Áfíríkà ní 1925, mo sì yà sọ́dọ̀ màláàmù tó ń sun súyà ní ìkóríta wa. Mo ní kó má da yájì bò ó, kó sì fi ibi ọ̀rá sí i. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ife ike la fi mu ún. Mo mu ún lófìfo, ẹnu mi fà. Mo jẹ súyà pẹ̀lú àlùbọ́sà, mo tún mu ún. Ó rọ̀ lóòótọ́! Ọ̀rẹ́ mi tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé "ọ̀gá wáìnì" ló mu ìyókù tán.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ̀yin òyìnbó dúdú, ẹ máa rọra o. Ṣé ẹmu kì í ṣe ọtí ni? Nǹkan kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì: ìwúkàrà ń jẹ ṣúgà, ó ń sọ ọ́ di ọtí. Ti ẹmu tiẹ̀ yá jù, ó ti ń hó kí ẹlẹ́mu tó gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ. Ẹ mu ún láàárọ̀, ó dùn. Ẹ mu ún lálẹ́, ó ti kan, ó sì ti le. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹmu àárọ̀ àti ti alẹ́, kí ni wáìnì fẹ́ fi dẹ́rù bà á?

Wétà, V.I.

Ẹ̀gbọ́n Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ ò purọ́ o. Àwọn oníbàárà wa ni kẹ́ ẹ bá mi sọ fún.

Ọ̀gá kan wá pẹ̀lú aya rẹ̀, ìta gbangba ni wọ́n jókòó sí, lásìkò tí ooru mú gan-an. Wọ́n ní kí n gbé wáìnì pupa wá. Mo gbé e sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì yìnyín. Ha! Ọ̀gá fi igbe ta: "Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́? Pupa kì í wọ yìnyín! Bó ṣe wà nínú yàrá là ń mu ún!" Gbogbo tábìlì ló yíjú.

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú ètò kan. Yàrá àwọn ará Yúróòpù àtijọ́ ni wọ́n ń sọ, ilé olókùúta tó tutù. 16 sí 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló dára fún ọ̀pọ̀ wáìnì pupa. Yàrá Èkó, tí iná bá lọ, 30 ni. Tí pupa bá ti móoru tó bẹ́ẹ̀, gbígbóná ọtí nìkan lẹ máa gbóòórùn, adùn èso ti sá lọ.

Ta ni mo jẹ́ tí màá bá ọ̀gá jiyàn? Mo ní, ẹ má bínú, sà. Mo bu díẹ̀ sí ife wọn bó ṣe móoru yẹn, mo wá ní kí wọ́n gbà mí láyè kí ìyókù wà nínú yìnyín fún ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tó pé, mo bu sí ife kejì. Ìyàwó kọ́kọ́ tọ́ méjèèjì wò, ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá tọ́ ọ wò, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn na ọwọ́, wọ́n sì fa bọ́kẹ́ẹ̀tì yìnyín mọ́ra.

Àǹtí Alásè, Ògbà

Mo fẹ́ràn àwọn ètò yìí, ṣùgbọ́n ata wa ò sí nínú ìṣirò wọn. Wọ́n á ní wáìnì yìí bá ẹran màlúù mu, tọ̀hún bá ẹja mu. Ẹja wo? Èyí tí wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti bọ́tà sè ni àbí èyí tó wà nínú ọbẹ̀ ata tèmi?

Níbi ìnáwó kan tí mo ti sè, wáìnì pupa Shiraz tí ọtí inú ẹ̀ jẹ́ 14.5% ni olóde gbé kalẹ̀ fún ìrẹsì ọ̀fadà àti ayamáṣe. Ọtí tó le bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí ata ta síwájú sí i ni. Àwọn àlejò ń fẹ́ ẹnu, wọ́n ń pe omi, bàbá kan bú mi pé mo fi ata pa òun. Ata mi ò yí padà o, ọtí ló dá a sílẹ̀!

Nísinsìnyí, tí wọ́n bá bi mí, èyí tí ọtí inú ẹ̀ kò le, tí ṣúgà díẹ̀ sì kù sí, ni mò ń ní kí wọ́n rà: wáìnì funfun bíi Riesling aládùn díẹ̀ láti Jámánì, tàbí Moscato d'Asti láti Ítálì, tí ọtí inú ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ bíi 5.5%. Ó gbọ́dọ̀ tutù nini. Ẹni tí ò bá rí ìwọ̀nyẹn, kó wá Chenin Blanc ti Gúúsù Áfíríkà tí kò gan jù.

Àlàájà, Múṣìn

Èmi ò mu ọtí, ó sì dá mi lójú pé mi ò ní mu ún. Ìnáwó ni mò ń bá èèyàn ṣètò. Ohun tí mo mú nínú àwọn ètò yìí ni pé wáìnì tí wọ́n yọ ọtí kúrò nínú ẹ̀ ti jẹ́ wáìnì gidi rí kí wọ́n tó yọ ọ́, òmíràn sì wà tí ó tó 0.5% tó ṣì kù sínú ẹ̀. Èyí yàtọ̀ sí omi àjàrà tí wọ́n kàn fi gáàsì sí, tí kò di ọtí rí. Ìgò méjèèjì á máa dán, wọ́n á jọra bí ìbejì. Tí ìnáwó bá jẹ́ ti Mùsùlùmí, èmi fúnra mi ló ń ka ara ìgò kí n tó gbà á wọlé, mo sì máa ń wo nọ́ńbà NAFDAC.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù, Sùúrùlérè

Àlàájà, ẹ ṣeun gan-an, àwọn oníbàárà mi kan ti ń bi mí ní ìbéèrè yìí. Àǹtí Alásè, mo máa wá Riesling yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rí i rí lọ́dọ̀ àwọn tí mò ń rà lọ́wọ́ wọn. Àkàndé, tí ọ̀rẹ́ ẹ ò bá mu tiẹ̀ tán lọ́jọ́ mìíràn, dé e dáadáa kó o sì gbé e sínú fìríìjì, pupa náà wà níbẹ̀; ó ṣì máa dára fún bí ọjọ́ mẹ́ta.

Àlàájà, ẹ dákun, ẹ ya fọ́tò ara ìgò èyí tí kò di ọtí rí yẹn ránṣẹ́ sí mi. Ọjọ́ Túsìdeè ni mò ń lọ Òkè-Àrín.