Báwo ni yìnyín ṣe ń fi ọdún tí òkè ayọnáyèéfín bú hàn?

Ọmọ Aláró, Òṣogbo:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ń gbẹ́ yìnyín ní Greenland láti fi mọ òkè ayọnáyèéfín tó bú láyé àtijọ́ tó sì mú kí ayé tutù. Ó rú mi lójú. Eruku ọyẹ́ máa ń ba aṣọ tí a bá sá jẹ́ níbí, ṣùgbọ́n òjò kan ṣoṣo ló ń fọ̀ ọ́ lọ. Kí ló dé tí òjò ò fọ tiwọn?

Tíṣà Jọ́gíráfì:
Eruku ọyẹ́ kì í lọ sókè tó bẹ́ẹ̀, òjò sì ń ká a mọ́. Òkè tó bá bú gan-an máa ń ta èéfín imí ọjọ́ kọjá ibi tí ìkùukùu òjò ń dé. Imí ọjọ́ kan náà tí àwọn ìyá ń tà lọ́jà yìí ni o! Lókè lọ́hùn-ún, ó ń di ásíìdì wínníwínní tó ń dá oòrùn padà fún bí ọdún kan sí méjì. Èérú tí gbogbo ayé ń pariwo kì í pẹ́ já bọ́. Pinatubo, ní Philippines, bú lóṣù kẹfà ọdún 1991. Ayé sì fi bí ìdajì ìwọ̀n Celsius tutù sí i.

Bí ásíìdì náà bá ń bọ̀ nílẹ̀, á bá yìnyín rọ̀ sí Greenland àti Antarctica. Ti ọdún yìí bo ti èṣí, kò yọ́, wọ́n sì lè kà á lọ́dọọdún. Níbi tí ásíìdì bá pọ̀ sí, iná mànàmáná ń gba inú yìnyín kọjá dáadáa, ẹ̀rọ á sì fi hàn. Ti Tambora, ní Indonesia, tó bú ní 1815, hàn ní ibi méjèèjì.

Baba Ìbejì:
Tíṣà, òkè ò kọ orúkọ síbẹ̀ o. Ta ló sọ pé Tambora ni?

Tíṣà Jọ́gíráfì:
Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, sà. Nígbà mìíràn wọ́n ń rí ègé èérú nínú yìnyín, wọ́n á fi wé ti òkè tí wọ́n fura sí. Àmì ńlá kan wà ní nǹkan bí 1258. Ó pẹ́ kí wọ́n tó tọ́ka sí Samalas, ní erékùṣù Lombok ní Indonesia, lọ́dún 2013. Ti 1809 ò tíì ní orúkọ.

Ọmọ Aláró:
Ẹ ṣé sà. Ṣé ó kan àwa náà níbí?

Tíṣà Jọ́gíráfì:
Ó kàn wá. Novarupta bú ní Alaska ní 1912. Lọ́dún 1913, ọ̀dá ńlá mú lókè Ọya, ìyàn sì jà ní Kano. Mi ò ní òkè yẹn nìkan ló fà á o, ṣùgbọ́n bí apá àríwá ayé bá tutù, òjò òkè Ọya máa ń fà sẹ́yìn.