Re: "ewéko olóró": oró ọ̀tọ̀, májèlé ọ̀tọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti kọ lórí ìwé ewéko tá a fẹ́ ṣe fáwọn ọmọ fámásì. Bó ṣe yé mi sí, ẹ̀gbọ́n tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní ká pín ìwé ọ̀hún sí méjì, apá kan á jẹ́ "ewéko oníwòsàn", ìkejì á jẹ́ "ewéko olóró", àbúrò wa kan wá ní olóró ò le tó, ká kúkú pè é ní "ewéko apani", látìgbà náà la ti wà lórí ẹ̀.

Èmi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì, ẹ má bínú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo oró ná. Kí ló ń lóró nínú Yorùbá tá à ń sọ lójoojúmọ́? Ejò lóró, àkekèé lóró, agbọ́n náà ò gbẹ́yìn, ọfà tí ọdẹ bá ti fi oje pa lẹ́nu, ọfà olóró là ń pè é. Gbogbo wọn, ara ni wọ́n ń gbà wọlé, wọ́n á ta èèyàn tàbí kí wọ́n bù ú ṣán, nǹkan ọ̀hún á sì bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Májèlé ní tiẹ̀, ẹnu ló ń gbà. Mi ò tíì gbọ́ ọ rí kẹ́nìkan sọ pé àkekèé fún òun ní májèlé, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí wọ́n bá fi nǹkan sínú ọbẹ̀ fún, a kì í ní wọ́n ta á lóró, a máa ní wọ́n fún un ní májèlé jẹ ni. Èdè wa ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́, kí ló wá dé tá a fẹ́ dà wọ́n pọ̀ torí pé òyìnbó ń pe gbogbo ẹ̀ ní toxic?

Ọmọ fámásì gan-an ni ìyàtọ̀ yìí máa wúlò fún jù. Ẹ mú ìságẹrẹ, Strophanthus hispidus, ìtàkùn tí òdòdó ẹ̀ máa ń ní ìrù gígùn tín-ínrín tó ń fì dirodiro yẹn. Kóró ẹ̀ làwọn ọdẹ ń lọ̀ fi ṣe oró ọfà. Ọkàn ni ohun tó wà nínú ẹ̀ ń mú, á fún ọkàn pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ títí á fi dákẹ́. Síbẹ̀ ẹran tí wọ́n bá fi irú ọfà bẹ́ẹ̀ pa, wọ́n ń jẹ ẹ́, wọ́n á kàn gé ibi tí ọfà ti wọlé dànù, torí ìfun kì í fa èròjà yẹn mu dáadáa. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni lọ tọ́ kóró ẹ̀ wò o! John Kirk, dókítà tó bá Livingstone, òyìnbó arìnrìn-àjò nì, rìn lágbègbè odò Zambezi láàárín 1858 sí 1863, kó búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ẹ̀ pọ̀ mọ́ oró ọfà nínú àpò kan náà, irú Strophanthus tiwọn lọ́hùn-ún ni wọ́n fi ṣe é, ìgbà tó fọnu, ẹnu ẹ̀ korò, ló bá rí i pé ìlù ọkàn òun ti falẹ̀. Ibi tọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn tí Fraser, onímọ̀ oògùn kan ní Edinburgh, fi wá yọ èròjà inú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní strophanthin jáde, táwọn dókítà sì wá ń gún un lábẹ́rẹ́ nígbà kan rí fáwọn tí ọkàn wọn ò lágbára mọ́. Ẹ ṣáà rí i, abẹ́rẹ́ ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa ju mímu lọ, ojú ọ̀nà tí ọfà ń gbà náà ni. Ṣé irú èyí la máa wá pè ní apani?

Ẹni tó mẹ́nu ba wèrèpè lánàá, òótọ́ ló sọ, irun tó wà lára èso ẹ̀ lóró, torí awọ ara ló ń bá jà, ẹni tó bá ti fara kàn án á họra títí ara á fi fẹ́ẹ̀ bó. Àmọ́ kóró inú èso yẹn kan náà ni L-dopa wà, tí wọ́n ń lò fún àìsàn tó ń mú ọwọ́ àgbàlagbà gbọ̀n. Apá wo nínú ìwé la fẹ́ gbé wèrèpè sí?

Ojú ológbò tún wá burú jù. Ewé ẹ̀ dùn lẹ́nu, wọ́n ń fi ṣe oògùn ikọ́, kóró ẹ̀ pupa tó ṣe dúdú lójú kan yẹn wá ní májèlé líle kan tí wọ́n ń pè ní abrin nínú. Èèpo kóró ọ̀hún le débi pé tọ́mọdé bá gbé e mì lódindi ó lè bá ìgbẹ́ jáde bó ṣe wọlé, tó bá fi eyín rún un, ọ̀rọ̀ ti di ti ọsibítù nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká máa kọ ọ́ báyìí: "kóró ojú ológbò ní májèlé nínú". Ká má so májèlé mọ́ orúkọ igi lódindi, ibi tó wà lára igi ni ká sọ, ká wá fi ìwọ̀n sí i. Àbí a máa gbé gbágùúdá sí apá apani torí pé tútù ẹ̀ ń pa ewúrẹ́? Gàrí ńkọ́?

Ti alkaloid, ìyẹn irú èròjà alágbára kan tó máa ń wà nínú ewéko, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá kan dábàá ká máa pè é ní "èròjà kíkorò", torí púpọ̀ nínú wọn ló korò. Kò lè ṣiṣẹ́. Ewúro korò ju ọ̀pọ̀ lọ, alkaloid kọ́ sì lolórí ohun tó mú un korò, ọmọ tó bá ka "èròjà kíkorò" á ṣìnà lọ́jọ́ ìdánwò. "Alikalọ́ìdì" ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká kọ, ẹ fi ìtìjú sílẹ̀. Àwọn òyìnbó tó rí ẹ̀wà esere tí wọ́n fi ń dájọ́ àjẹ́ ní Kàlàbá láyé àtijọ́, láàárín 1864 sí 1865 ni wọ́n yọ alikalọ́ìdì inú ẹ̀ jáde, àwọn kan nínú wọn ò wulẹ̀ wá ọ̀rọ̀ lọ síbì kankan, orúkọ tí àwọn Efik ń pè é ni wọ́n mú, wọ́n fi ìrù sí i, ó di eserine. Èyí tó tún yà mí lẹ́nu ni pé eserine yìí wà lára ohun tí dókítà lè lò fún ẹni tí gẹgẹmu bá dà lórí rú, tẹ́nu ẹ̀ gbẹ, tí ẹyinjú ẹ̀ là rangandan, tó ń bá ẹni tí ò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, torí ohun tí gẹgẹmu ń tì pa lára ni esere ń ṣí. Ohun tí wọ́n fi ń pààyàn ní Kàlàbá nígbà yẹn ló wá ń gba ẹni tó jẹ gẹgẹmu là.

Nítorí náà, àbá tèmi: "májèlé" fún ohun tó gba ẹnu wọlé, "oró" fún ohun tó gba awọ tàbí ẹ̀jẹ̀ wọlé, "ìwọ̀n" fún dose, "àlòjù" tó bá ti kọjá ìwọ̀n. "Egbòogi" ni ká fi pe ewé, èèpo tàbí gbòǹgbò tí wọn ò tíì sọ di oògùn, ká fi "oògùn" sílẹ̀ fún èyí tó ti wà nínú ike. Ti glycoside, irú èròjà tó wà nínú ìságẹrẹ yẹn, ló kù tí mi ò tíì mọ bá a ṣe máa kọ ọ́, "gilaikosáìdì" ń lọ́ mi lẹ́nu. Ẹni tó bá ní èyí tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó sọ ọ́.