Kí ni "ìṣákọ́lẹ̀" ń wá nínú ìwé ilẹ̀ bàbá bàbá mi?

AbọdéKàdúná:
Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará Ìlọrin àti Ìgbómìnà. Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, mo gbọ́ Yorùbá dáadáa àmọ́ Yorùbá inú ilé ni o, èyí tá a fi ń rán ọmọ níṣẹ́, kì í ṣe ti ilẹ̀. Bàbá mi ti ṣaláìsí, àbúrò wọn tó wà ní Òmù-Àrán, Dádì Òmù là ń pè wọ́n, wá gbé ìwé kan fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọdún 1974 ni wọ́n kọ ọ́, ó ti pọ́n, wọ́n tẹ̀ka sí i nísàlẹ̀. Sọ̀fíọ̀ ti ń dúró kí n wá fi ààlà hàn án. Ibi tó há mi lọ́fun nìyí: "Ilẹ̀ náà gba ẹgbàá ebè, láti ìdí igi ìyeyè dé ọ̀gán, ó gba ẹ̀gbẹ́ àkùrọ̀ dé ibi pèrègún, ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ni ogún iṣu lọ́dọọdún."

Ẹ jọ̀ọ́ kí ni ọ̀gán, kí ni àkùrọ̀, pulọ́ọ̀tì mélòó sì ni ẹgbàá ebè? Mi ò lè bi Dádì Òmù, wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín di ọdún tó ń bọ̀.

ọmọ_Ọ̀fà:
Àkùrọ̀ ni ilẹ̀ etídò tí kì í gbẹ, ibẹ̀ la ti ń rí ẹ̀fọ́ àti àgbàdo tútù jẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀gán ni òkìtì tí ikán mọ, àwọn kan ga ju èèyàn lọ. Ká ṣáà máa gbàdúrà pé katakata ò tíì wó o láti 1974.

Ájẹ́ńtìTánkẹ́:
Ẹgbàá ni 2,000. Tí ebè kọ̀ọ̀kan bá gba ẹsẹ̀ bàtà 3 níbùú, 3 lóòró, ìyẹn 9, lọ́nà 2,000 á jẹ́ 18,000. Pulọ́ọ̀tì 50 × 100 jẹ́ 5,000. Torí náà ó kù díẹ̀ kó pé mẹ́rin, ebè iṣu ẹlòmíì sì tóbi jù báyẹn lọ, ó lè lé.

Pèrègún ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, ọ̀gán lè wó, ìyeyè lè di igi ìdáná, àmọ́ pèrègún, ẹ gé e ó tún hù, ìdí tí wọ́n fi ń gbìn ín sí ààlà nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ àkùrọ̀ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Àwa ájẹ́ńtì, ẹ forí jì wá, a kì í pe àkùrọ̀ ní àkùrọ̀ tá a bá ń tà á, "ibi tútù, atẹ́gùn ń fẹ́" la máa ń sọ. Oníbàárà mi kan ra irú ẹ̀ lásìkò ọyẹ́, ilẹ̀ le gbagidi, ó da bùlọ́ọ̀kù síbẹ̀, nígbà tí òjò máa dá ọwọ́ dúró ìlà méjì ìsàlẹ̀ ti wà lábẹ́ ẹrẹ̀, àkèré ń ké lórí èyí tó kù. Owó tó ná sórí yangí tó fi kún un fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilẹ̀ fúnra ẹ̀.

Àgbẹ̀Ìgbájà:
Gbogbo yín ń ka ebè, ẹ wá fo ọ̀rọ̀ tó wúwo jù. Ta ní ń san ìṣákọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ ara ẹ̀? Ẹni tí wọ́n fún nílẹ̀ dáko ló ń gbé e fún onílẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, kó lè hàn pé ó mọ̀ pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun. Ogún iṣu ò tó owó ilẹ̀, ẹ̀rí ni. Ọmọ mi, padà wo ìwé yẹn dáadáa, ṣé "tà" ni wọ́n kọ àbí "fi yá"? Kó o sì béèrè bóyá bàbá àgbà gbin ọ̀pẹ tàbí obì tàbí kòkó síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ilẹ̀ yá, iṣu àti gbágùúdá ni wọ́n máa ń gbà kó gbìn, wọn kì í jẹ́ kó gbin igi láìtọrọ, torí igi máa ń pẹ́ ju ẹni tó gbìn ín lọ, ọmọ ẹ̀ á wá dìde lọ́la pé ilẹ̀ bàbá òun ni.

Ájẹ́ńtìTánkẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, mo ti sáré jù lóòótọ́. Àmọ́ ṣé òfin ilẹ̀ 1978 ò ti fòpin sí ìṣákọ́lẹ̀ ni? Ṣebí gómìnà ló ni gbogbo ilẹ̀.

Àgbẹ̀Ìgbájà:
Ọ̀pọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ dé kóòtù. Kóòtù tó ga jù lọ nílẹ̀ yìí ti dá a lẹ́jọ́ lọ́dún 1991, ẹjọ́ Abioye àti Yakubu, pé òfin yẹn ò sọ ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ di onílẹ̀. Ẹ máa ka nǹkan jàre.

AbọdéKàdúná:
Mo ti fi fóònù fa fọ́tò ìwé náà sún mọ́ra. "Fi yá" ni. Mi ò rí "tà" níbì kankan.

Mo wá pe Dádì Òmù. Wọ́n rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Wọ́n ní pèrègún ṣì wà níbẹ̀, ó ti di igbó, wọn ò gbin ọ̀pẹ kankan. Mo bi wọ́n ìgbà tí wọ́n gbé iṣu lọ kẹ́yìn, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ọdún tí bàbá àwọn kú, àti pé àwọn onílẹ̀ náà ò béèrè. Sọ̀fíọ̀ ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí, mi ò tíì gbé e.