Ìmọ̀ràn: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Ọ̀yọ́ ń sọnù lórí Remote Desktop, kí la lè ṣe?

ÌyáÌbejì_Tákíè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Sìmẹ́ńtì, páànù àti irin la ń tà ní Tákíè níbí, l'Ógbómọ̀ṣọ́, a sì ní ẹ̀ka kan l'Ọ́yọ̀ọ́, ládùúgbò Òwódé. Inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ní ọ́fíìsì Ògbómọ̀ṣọ́, ni sọ́fítíwíà ìṣirò owó wa wà. Akọ̀wé wa l'Ọ́yọ̀ọ́ máa ń gba orí Remote Desktop, ìyẹn ọ̀nà tí Windows fi ń jẹ́ kéèyàn lo kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíràn, wọ inú rẹ̀.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń dà wá láàmú. Láàárọ̀, gbogbo nǹkan á máa lọ geere. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, tí ọmọ náà tún wọlé, sọ́fítíwíà á ní òun ò rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́. Ti Sátidé tó kọjá ló wá pabanbarì: invoice páànù 40 tí oníbàárà rà l'Ọ́yọ̀ọ́, ẹ̀gbẹ́ mi ní Tákíè ló ti ń jáde! Wọ́n ti di ẹrù tán, dẹ́rẹ́bà ti tan ọkọ̀ sílẹ̀, kò rí ìwé mú lọ. Ọmọ náà fi ọwọ́ kọ ọ́ fún un, nọ́ńbà tó kọ sí i sì ti wà lórí invoice ẹlòmíràn. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi tú u nínú ìwé.

Ẹ̀rọ laser kan ló wà lọ́hùn-ún fún invoice, àti kékeré kan tó ń tẹ rìsíìtì lórí bébà 80mm. USB ni wọ́n fi so méjèèjì. Ẹnìkan ní kí n lọ ra sọ́fítíwíà ìtẹ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí sí i?

Arówómọlẹ̀_Tech
Ẹ kú ìfaradà, mà. Ẹ má tíì ná kọ́bọ̀.

Ẹ sọ fún akọ̀wé yín kó ṣí ibi tí orúkọ àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà nígbà tó bá ti wọlé. Á rí orúkọ ẹ̀rọ laser rẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú "redirected" àti nọ́ńbà kan ní ìparí rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn gan-an ni ọ̀tá yín. Bí èèyàn bá ti wọlé, Windows á gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dání lọ síbi tó ń lọ, á sì fi nọ́ńbà ìwọlé náà kún orúkọ rẹ̀. Láàárọ̀ ó lè jẹ́ 2. Bí ó bá jáde pátápátá tó tún wọlé, ó lè di 5. Sọ́fítíwíà yín ti kọ orúkọ èyí tó ní 2 sílẹ̀ fún invoice. Nígbà tó wá a tì, ó mú èyí tó wà nítòsí, ìyẹn ti Tákíè. Ó dà bí ẹni tó ń béèrè ilé Àlàbá, tí Àlàbá sì ti yí orúkọ padà láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ní Group Policy (ibi tí wọ́n ti ń ṣètò òfin Windows) lórí kọ̀ǹpútà Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ wá "Redirect only the default client printer", kí ẹ tan án. Ẹ tan "Use Remote Desktop Easy Print printer driver first" náà. Easy Print ti wà láti Windows Server 2008. Kò ní jẹ́ kí ẹ máa wá driver ẹ̀rọ Ọ̀yọ́, ìyẹn sọ́fítíwíà tí Windows fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, sórí kọ̀ǹpútà Ògbómọ̀ṣọ́. Lẹ́yìn náà, lórí kọ̀ǹpútà Ọ̀yọ́, ẹ pa "Let Windows manage my default printer", kí ẹ fi ọwọ́ ara yín yan ẹ̀rọ laser ní default, ìyẹn èyí tí Windows máa lò bí ẹ ò bá yan òmíràn. Nínú sọ́fítíwíà, bó bá gbà, ẹ má yan ẹ̀rọ lórúkọ fún invoice, default ni kí ẹ yàn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nìyí: ẹ lọ sí Security lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Tákíè, ẹ yọ Everyone kúrò, kí ẹ wá fún àwọn tó wà ní Tákíè nìkan láṣẹ. Bí ẹ̀rọ Ọ̀yọ́ bá tiẹ̀ sọnù, invoice ò ní lè sá wá bá yín mọ́.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Àkẹ̀sán
Kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí, bí oníbàárà bá ń dúró: ẹ fi invoice pamọ́ gẹ́gẹ́ bí PDF sínú \\tsclient, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ọmọ náà jókòó tì, kó wá tẹ̀ ẹ́ láti ibẹ̀. Ẹ kàn rí i pé ẹ ti fi àmì sí Drives kí ó tó wọlé.

Kinnira_Ìṣirò
Ọ̀rọ̀ Arówómọlẹ̀ dára fún invoice. Ti rìsíìtì ni mo fẹ́ sọ, torí ó ti jẹ mí níyà rí. Ẹ̀rọ kékeré yẹn ní àṣẹ tirẹ̀: gé bébà, ṣí dúrọ́ọ̀ owó. Easy Print ń sọ ohun tí ẹ tẹ̀ di àwòrán ojú-ìwé ni, àṣẹ wọ̀nyẹn kì í sábà dé ibi tí wọ́n ń lọ. Nígbà tí mo gbìyànjú rẹ̀, bébà funfun gígùn ló ń tú jáde lẹ́yìn rìsíìtì kọ̀ọ̀kan, kò sì gé.

Ohun tó tán an fún mi ni ẹ̀rọ rìsíìtì tó ní ihò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo fún un ní àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà rẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tí kì í yí padà, mo so ẹ̀ka méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú VPN, ìyẹn ọ̀nà àdáni tó ní ààbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì fi í sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì bí Standard TCP/IP, port 9100, ìyẹn ojú ọ̀nà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fi ń gba iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, orúkọ kan náà ló máa rí.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ má ṣí port 9100 tàbí 3389 (ti Remote Desktop) sí gbangba íntánẹ́ẹ̀tì láé. VPN ni kí ẹ gbà. Olè ò sinmi lórí 3389. Alábòójútó kọ̀ǹpútà náà ni kó fi driver síbẹ̀, nítorí láti 2021 tí wàhálà PrintNightmare, àlébù ààbò nínú ètò ìtẹ̀wé Windows, ti ṣẹlẹ̀, Windows kì í jẹ́ kí akọ̀wé lásán fi driver síbẹ̀.

Sábó_Net
Ẹ̀gbọ́n Kinnira, mo gbà, àmọ́ ẹ má gbàgbé ẹni tí dátà rẹ̀ ò yá. Tí lógò ńlá bá wà lórí invoice, ohun tí Easy Print ń fi ránṣẹ́ máa ń wúwo. Irú sọ́fítíwíà bíi TSPrint tàbí ThinPrint, ti àwọn ará Berlin ní Jámánì, máa ń fún un pọ̀ kó tó lọ. Owó ni, lóòótọ́. Ẹ gba ti ìdánwò lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ lò ó ní ọjọ́ ọjà, kì í ṣe ọjọ́ tí ọwọ́ dilẹ̀.

ÌyáÌbejì_Tákíè
Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè kan: Windows 11 Pro ló wà lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Bí ọmọ Ọ̀yọ́ bá ti wọlé, á ti èmi jáde. Ṣé ó kan ọ̀rọ̀ yìí?

Arówómọlẹ̀_Tech
Ó kàn án, mà! Ẹnìkan ṣoṣo ni Pro ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá ṣe ń ti ara yín jáde ni wọlé-jáde ń pọ̀ sí i. Kí ẹ̀yin méjèèjì tó lè jọ ṣiṣẹ́, Windows Server pẹ̀lú ìwé àṣẹ Remote Desktop Services fún oníkálukú lẹ nílò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín fi fáìlì tí kì í ṣe ti Microsoft tú Pro kó lè gba èèyàn méjì. Ọjọ́ tí Windows bá ṣe àtúnṣe ara rẹ̀, ó lè dákú mọ́ yín lọ́wọ́.

ÌyáÌbejì_Tákíè
Mo ti padà dé. A ti ṣe ti Group Policy, a sì ti yọ Everyone kúrò. Lánàá mo ní kí ọmọ náà jáde pátápátá nígbà mẹ́ta kó tún wọlé. Nọ́ńbà yí padà lóòótọ́, invoice sì ń jáde l'Ọ́yọ̀ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ Tákíè ò tiẹ̀ mira. Ti rìsíìtì ṣì ń tú bébà funfun bí Kinnira ṣe wí, ẹ̀rọ olókùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo máa rà ní ìparí oṣù.

Kinnira_Ìṣirò
Inú mi dùn, mà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà wò: ihò Ethernet ni kí ẹ rí níbẹ̀. USB nìkan ni òmíràn ní, kódà bí "network" bá wà lára páálí rẹ̀.